Àpò Kan, Ajá Mẹ́rin: Bí A Ṣe Ń Yan Oúnjẹ Gbígbẹ Tuntun fún Àwọn Ajá Ilé

Nígbà tí mo sọ nílé pé mo ń lọ sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ajá, àbúrò mi kan bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé oúnjẹ ajá náà ti di ohun tí wọ́n ń pe èèyàn jọ sí?" Mo ní ó ti dà bẹ́ẹ̀. Bí kílò kan oúnjẹ ajá bá ti wọ́n ju kílò kan ìrẹsì lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀rín.

Àṣìṣe ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ajá mẹ́rin ló wà nílé mi. Ìyá àgbà wọn jẹ́ Alsatian ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ó wọn 30 kílò. Tanímọ̀la, ajá ìbílẹ̀ wa, wọn 18 kílò. Ẹ̀kẹta ni ọmọ Boerboel olóṣù márùn-ún tó ti wọn 25 kílò, tó sì ń ṣe bí ẹni pé òun ló kọ́lé. Ẹ̀kẹrin ni Lhasa kékeré oníkílò mẹ́fà, tí ara máa ń yún bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ ajá fún wa, ó ní irú tí mo ń rà ti tán. Ó gbé òmíràn sílẹ̀. Àwòrán ajá gìrìwò kan wà lára àpò náà, ẹran pupa rẹ̀bẹ̀tẹ̀ wà níwájú rẹ̀, owó rẹ̀ sì dín díẹ̀. Mo gbé e. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo bù ú fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ti di ohun tí n kò ní ròyìn níwájú àgbà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń fọ ilẹ̀. Nígbà tí mo wá tẹ́ àpò náà sílẹ̀ tí mo kà á, mo rí i pé ajá tó ti dàgbà nìkan ni wọ́n ṣe oúnjẹ náà fún. Ọmọ Boerboel tí egungun rẹ̀ ṣì ń nà kò sí nínú ìrò wọn rárá.

Àwọn àgbà ní ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí ni pé: ǹjẹ́ àpò kan lè bọ́ ajá mẹ́rin? Èsì mi ni pé ó lè bọ́ wọn, bí a bá jẹ́ kí ẹni tó ṣe ẹlẹgẹ́ jù nínú wọn yan àpò, tí a sì wọn ti oníkálukú fún un.

Ibi tí oúnjẹ inú àpò ti ṣẹ̀ wá

Oúnjẹ ajá inú àpò kò tíì pé igba ọdún láyé. Ní nǹkan bí ọdún 1860, James Spratt, ọmọ Amẹ́ríkà láti ìpínlẹ̀ Ohio, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ta irin tí wọ́n ń rì mọ́ ilé kí àrá má baà bà á jẹ́. Wọ́n ní ó rí àwọn ajá létí èbúté tí wọ́n ń jẹ bísíkíìtì líle tí àwọn atukọ̀ jù nù. Ló bá ṣe tirẹ̀, ó po wíìtì, ewébẹ̀ àti ẹran pọ̀, ó ń tà á fún àwọn ọlọ́lá tó ní ajá ọdẹ. Charles Cruft, tó bá ilé iṣẹ́ Spratt ṣiṣẹ́, ló dá àfihàn ajá tí à ń pè ní Crufts sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1891. Ẹ kíyè sí i: láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọjà oúnjẹ ajá àti ìpolówó ti jọ ń rìn.

Èyí tó jẹ́ hóró wẹ́ẹ́wẹ́, tí a mọ̀ lónìí, dé ní àwọn ọdún 1950. Ilé iṣẹ́ Purina ní Amẹ́ríkà gbé Dog Chow jáde lọ́dún 1957. Ẹ̀rọ kan ló ń ṣe é. Ẹ̀rọ náà á po ìyẹ̀fun àti ẹran lílọ̀ mọ́ omi, á fi ooru àti agbára tì í gba ojú ihò kékeré jáde, ọ̀bẹ á máa gé e bó ti ń jáde, hóró náà á sì wú bíi gúgúrú. Wọ́n á yan án gbẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fọ́n ọ̀rá àti òórùn dídùn sí i lára.

Ẹ di ohun méjì mú nínú ìyẹn. Ìkíní, láìsí sítáàṣì, hóró kò ní dì, nítorí náà kò sí oúnjẹ oníhóró tí kò ní sítáàṣì nínú. Ìkejì, ara hóró lóde ni ọ̀rá wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń kọ́kọ́ bà á jẹ́. A ó padà sí méjèèjì.

Ìbẹ̀rù àgbàdo

Àwọn kan á sọ fún yín pé ìkookò ni ajá, pé ẹran nìkan ló yẹ kó jẹ, pé àgbàdo àti ìrẹsì májèlé ni. Àwọn onímọ̀ ní Uppsala, lórílẹ̀-èdè Sweden, yẹ àbùdá ajá àti ti ìkookò wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature lọ́dún 2013. Àbùdá tó ń darí fífọ́ sítáàṣì, ẹ̀dà méjì ni ìkookò ní. Ajá lè ní láti mẹ́rin títí dé ọgbọ̀n. Ajá ti bá wa jẹun pẹ́, ikùn rẹ̀ sì ti kọ́ oúnjẹ wa. Ajá àwọn bàbá wa tó ń lá ẹ̀kọ kò ṣẹ̀.

Àpò tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní àgbàdo tàbí wíìtì ń kọ́? Ẹ̀wà, pì, lentil tàbí ọ̀dùnkún ni wọ́n fi rọ́pò, torí hóró gbọ́dọ̀ dì. Ní oṣù keje ọdún 2018, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ń wádìí ìròyìn àwọn ajá tí iṣan ọkàn wọn ń rọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń jẹ irú oúnjẹ yìí. Wọn kò tíì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé oúnjẹ náà ló fà á. Tèmi ni pé, bí dókítà ẹranko kò bá rí ìdí tí ajá rẹ fi ní láti sá fún ọkà, má ṣe san owó lé e.

Àmọ́ n kò sọ pé kí ẹ padà sí àmàlà ṣẹ́kù. Àmàlà nìkan kò ní amúaradàgbà tó ajá. Ọbẹ̀ wa sì ní àlùbọ́sà, àlùbọ́sà sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ì báà ṣe tútù, ì báà ṣe sísè. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń da omi ọbẹ̀ lé oúnjẹ gbígbẹ kí ajá lè jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Bó bá gbẹ jù lẹ́nu rẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó.

Ohun tí ẹ máa kà lára àpò

Ẹ yí àpò padà. Iwájú àpò ni olówò ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òfin ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá gbólóhùn kékeré tó sọ bóyá oúnjẹ náà pé fún ajá, àti irú ajá tó pé fún. Lára àpò Amẹ́ríkà, "complete and balanced" ni ẹ máa rí, pẹ̀lú orúkọ àjọ AAFCO. Ìlànà ni AAFCO ń gbé kalẹ̀. Kì í lu òǹtẹ̀ lu oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Lára àpò ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ wá "complete". Bó bá jẹ́ "complementary" ni wọ́n kọ, ìpápánu ni, kì í ṣe oúnjẹ. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó rí i bóyá ti ọmọ ajá ni, tàbí ti àgbà, tàbí ti gbogbo ọjọ́ orí.

Èkejì ni amúaradàgbà. Ìlànà AAFCO ni pé, bí a bá yọ omi kúrò, kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún fún ajá tó ti dàgbà, àti 22.5 fún ọmọ ajá àti abo tó lóyún tàbí tó ń tọ́mọ. Bí àpò bá kọ 24, tí omi inú rẹ̀ sì jẹ́ 10, ẹ pín 24 sí 90, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100: ó di nǹkan bí 26.7. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí nìkan kò tó gbọ́kàn lé. Èròjà nitrogen ni ilé àyẹ̀wò fi ń díwọ̀n amúaradàgbà. Lọ́dún 2007, wọ́n rí i pé àwọn oníṣòwò kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ti po melamine, kẹ́míkà tí nitrogen kún inú rẹ̀, mọ́ èròjà wíìtì tí wọ́n tà fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ajá àti ológbò. Nọ́ńbà dára lójú ìwé. Kíndìnrín àwọn ẹranko ló san gbèsè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Ẹ̀kẹta ni àwọn èròjà. Bí wọ́n ṣe wọ̀n sí kí wọ́n tó sè wọ́n ni wọ́n fi ń tò wọ́n. Ẹran adìẹ tútù lè ṣíwájú, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá 70 nínú rẹ̀ omi ni. Tí omi yẹn bá gbẹ tán, ẹran náà lè bá ara rẹ̀ lẹ́yìn àgbàdo. Ẹran gbígbẹ lílọ̀ tó wà ní ipò kejì lè ní amúaradàgbà nínú jù ú lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ẹni tó ṣe é: àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà ìdì tó ti jáde, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, àti iye kálórì inú kílò kan. Ilé iṣẹ́ tí kò bá lè sọ fún yín bóyá onímọ̀ nípa oúnjẹ ẹranko wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, kí ni wọ́n fi ń ṣe ọjà wọn?

Ta ni ẹlẹgẹ́ ilé?

Bí mo bá ní kí ẹ tọ́ka sí ẹlẹgẹ́ nínú àwọn ajá mẹ́rin mi, Lhasa ni ọ̀pọ̀ máa nawọ́ sí. Ọmọ Boerboel tó dà bí akọ màlúù yẹn gan-an ni. Ọmọ ajá ńlá kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ kálísíọ̀mù tó bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ. Ara rẹ̀ á máa gbà á wọlé ni, egungun rẹ̀ á sì wọ́. Ìdí nìyí tí ìlànà AAFCO fi ní kálísíọ̀mù kò gbọdọ̀ kọjá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún, láìka omi, nínú oúnjẹ ọmọ ajá tó máa wọn tó kílò 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bó bá dàgbà. Ẹ wá "growth of large size dogs" lára àpò. Bó bá ní "including" níwájú, ọmọ ajá ńlá lè jẹ ẹ́. Bó bá ní "except", ẹ gbé e padà. Ẹni tó ń fún ọmọ Boerboel ní oògùn kálísíọ̀mù lórí oúnjẹ tó ti pé, kó egungun rẹ̀ lè le, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ba ẹsẹ̀ ajá náà jẹ́.

Nítorí náà, ọmọ Boerboel ló yan àpò ńlá ilé mi. Tanímọ̀la lè jẹ nínú rẹ̀, bí mo bá wọn tirẹ̀. Ìyá àgbà náà lè jẹ nínú rẹ̀, nítorí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kíndìnrín rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Bí kíndìnrín rẹ̀ bá ti ń rẹ̀ ẹ́ ni, àpò tirẹ̀ á yàtọ̀.

Lhasa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba sùúrù. Kí a tó dá oúnjẹ lẹ́bi fún ara yínyún, ẹ kọ́kọ́ wá eégbọn. Bí kò bá sí eégbọn, tí dókítà sì fura sí oúnjẹ, ẹran màlúù, wàrà, adìẹ àti wíìtì ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà jù lọ. Ọ̀nà àtimọ̀ ni kó jẹ irú oúnjẹ kan tí dókítà yàn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán, láìsí bísíkíìtì, láìsí egungun, láìsí ohun tí ọmọdé jù sí i lábẹ́ tábìlì. Ajá oníkílò mẹ́fà kì í jẹun púpọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ra àpò kékeré fún un, kí gbogbo ilé má baà máa san owó ara yínyún ẹyọ ẹnìkan.

Owó àpò àti owó oúnjẹ

Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín. Ẹ kọ ìwọ̀n ajá ní kílò, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bíi 18 × 18 × 18. Ẹ tẹ √ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi 70 ṣe ìlọ́po èyí tó bá jáde. Kálórì tí ajá náà ń jó lójúmọ́ bó bá kàn dùbúlẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti dàgbà, tí wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ẹ fi 1.6 ṣe ìlọ́po rẹ̀. Arúgbó tí kì í rìn púpọ̀, 1.4, ọmọ ajá tó ti kọjá oṣù mẹ́rin, 2.

Nílé mi, Lhasa ń fẹ́ nǹkan bí 430, Tanímọ̀la 980, ìyá àgbà 1,255, ọmọ Boerboel 1,565. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4,230 lójúmọ́. Ká mú àpò méjì oníkílò 15 ṣe àpẹẹrẹ, bí gbogbo wọn bá jọ ń jẹ nínú àpò kan. Àkọ́kọ́ jẹ́ 50,000 náírà, kálórì 3,200 ló wà nínú kílò rẹ̀ kan. Èkejì jẹ́ 60,000 náírà, ó ní 4,000. Àkọ́kọ́ kò ní ju ọjọ́ 11 àti díẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ lójúmọ́ lé ní 4,400 náírà. Èkejì á tó ọjọ́ 14. Owó rẹ̀ lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bí 4,230. Èyí tó dà bí ẹni pé ó wọ́n ló wá dín lówó jù. Ìgbẹ́ tí ẹ máa kó pẹ̀lú máa ń dín kù, nítorí ìwọ̀nba ni ẹ ń bù.

Ìyẹn ló fà á tí mo fi ń sọ pé kí ẹ pa agolo tì, kí ẹ ra síkéèlì. Nínú àpò kejì yìí, Lhasa ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 107 lójúmọ́, ọmọ Boerboel 390. Ẹni tó bá ń fojú wọ̀n ọ́n, Lhasa ló máa sanra.

Kóńgò àti èbu

Mo mọ̀ pé ọwọ́ ò tó àpò odidi nílé gbogbo. Ó ti di àṣà kí ọlọ́jà tú àpò, kó máa fi kóńgò tà á sínú náílọ́ọ̀nù. N kò bá ẹni tó ń rà á jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ra ti kóńgò, ẹ ti fi ọjọ́ tó máa bàjẹ́, nọ́ńbà ìdì àti ẹ̀rí gbogbo sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Afẹ́fẹ́ sì ti ń jẹ ọ̀rá tó wà lára hóró, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ níṣàájú.

Ewu tó ju ìyẹn lọ ni àgbàdo tó ti bu. Èbu kan máa ń hù lára àgbàdo àti ẹ̀pà, ó ń pèsè oró tí à ń pè ní aflatoxin, ooru ilé iṣẹ́ oúnjẹ kò sì lè pa á tán. Ẹ̀dọ̀ ajá ló ń bà jẹ́. Ìlú tó ti gòkè àgbà náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ní òpin ọdún 2020, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà kó oúnjẹ ajá rẹ̀ padà lọ́jà nítorí oró yìí, ajá tó lé ní 70 ló sì ti kú kí àárín oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 tó pé. Nọ́ńbà ìdì ara àpò ni àwọn olówó ajá fi mọ̀ bóyá tiwọn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fi kóńgò rà á, kí ni yóò yẹ̀ wò?

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí aládùúgbò méjì tàbí mẹ́ta dá owó jọ ra àpò kan tí a kò tíì tú, kí wọ́n pín in lójú ara wọn, kí olúkúlùkù sì fi fóònù ya àwòrán ẹ̀yìn àpò. Nílé, ẹ má da hóró sínú dúrọ́ọ̀mù lásán. Ẹ gbé àpò fúnra rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ dé e. Ẹ gbé e lé pákó, kúrò lórí sìmẹ́ńtì, kúrò lọ́nà eku. Bó bá ń rùn bí epo tó ti pẹ́, tàbí tí ajá tó máa ń sáré jẹ ẹ́ bá gbóòórùn rẹ̀ tó yíjú, ẹ gbọ́ ti ajá.

Pípààrọ̀ láìsí ariwo

Ibi tí èmi ti ṣubú nìyí. Ọjọ́ mẹ́wàá ni kí ẹ fi pààrọ̀ oúnjẹ. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdá kan tuntun, ìdá mẹ́ta àtijọ́. Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ìdajì sí ìdajì. Ọjọ́ mẹ́ta mìíràn, ìdá mẹ́ta tuntun, ìdá kan àtijọ́. Ọjọ́ kẹwàá, tuntun nìkan. Bí ìgbẹ́ ẹnìkan bá rọ̀, ẹ dá a padà sí ìpele tó ti wá, kí ó lo ọjọ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé ẹ kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí àpò àtijọ́ bá tán. Ilé tó ń jẹ kílò kan àti díẹ̀ lójúmọ́ bíi tèmi nílò tó kílò márùn-ún àtijọ́ láti fi pààrọ̀. Bó bá ti ku ìdá kan nínú mẹ́ta àpò, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá tuntun.

Ẹ fún oníkálukú ní abọ́ tirẹ̀ níbi tirẹ̀. Bí wọ́n bá jọ ń jẹ nínú agbada kan, ẹ kò ní mọ ẹni tí kò jẹun, bẹ́ẹ̀ àìjẹun sábà máa ń jẹ́ àmì àìsàn àkọ́kọ́. Ẹ pín ti ajá ńlá sí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ó má sì sáré lẹ́yìn oúnjẹ, kí ikùn rẹ̀ má baà wú kó sì lọ́. Bí ọmọ ajá bá ń bì, tó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ẹ má ṣe jókòó máa dá oúnjẹ tuntun lẹ́bi. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ fi ọwọ́ pa ìhà rẹ̀. Bí ẹ bá ń mọ egungun ìhà lára láìtẹ̀ ẹ́, tí ẹ kò sì rí i látòkèèrè, oúnjẹ náà bá a mu. Bí ẹ bá ní láti wá egungun náà kí ẹ tó rí i, ẹ dín in kù. Ọmọ Boerboel mi kì í jẹ́ kí n gbàgbé ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjìméjì ni mo ń tún ìṣirò tirẹ̀ ṣe, torí ó ń dàgbà lójú wa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ajá tó ní èèyàn lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Èèyàn tó wà lẹ́yìn ajá yín, ẹ̀yin ni. Kò lè ka ẹ̀yìn àpò, kò lè tẹ fóònù, ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa jẹ. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ra àpò tó kàn, ẹ wọn àwọn ajá yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà dání lọ sí ọjà.